Òbòkún Tí Màmá Ń Yan De Mùídì

Bí o bá ra ẹja lọ́wọ́ ìyá tó bí ìyá mi, ẹja rẹ nìyẹn títí ayé. Ì báà bu kí o tó délé, ì báà jẹ́ ológbò ló gbé e lọ, má wulẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ padà wá bá a ní Èbúté Ìkòròdú. Màmá á kọ́kọ́ kí ọ dáadáa, á bèèrè ọkọ, á bèèrè àwọn ọmọ, á ní kí wọ́n fún ọ lómi tútù. Ìgbà tí o bá wá dárúkọ ẹja ni á nu ọwọ́ méjèèjì sára ìró rẹ̀, tí á sọ gbólóhùn tí gbogbo èbúté mọ̀ mọ́ ọn: "Ọjà tí mo bá ti tà, n kì í gbà á padà."

Ọjọ́ tó kú náà la sin ín, bí àwa Mùsùlùmí ti ń ṣe. Àwọn tó wá kí wa sọ pé ó lawọ́, pé kò fi àdúrà ṣeré, pé àwọn ò tíì rí obìnrin tó mọ ẹja yan bíi tirẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mò ń ṣe àmín, inú sì ń bí mi sí òkú. Mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí ènìyàn máa bínú sí ẹni tó ti wọlẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn, mi ò sì ní torí pé ó kú kí n máa purọ́ mọ́ ọn. Kí àwọn àgbà má sì bínú pé mò ń pè é ní "ó". Bí mo bá ń pè é ní "wọ́n", ọ̀rọ̀ yìí ò ní jáde lẹ́nu mi.

Sìdíkátù lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí i sí, létí omi gan-an, ọkọ ló gbé e dé Ìkòròdú. Nígbà tí iṣẹ́ gbé àwọn òbí mi lọ sí Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi mí sí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ti ka ìwé mẹ́wàá jáde. Gbogbo aṣọ ilé ìwé mi ló ń rùn èéfín. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí ní Ẹja Yíyan, mo sì sunkún délé lọ́jọ́ kan nítorí ẹ̀. Màmá ń to ẹja sórí wáyà ààrò lọ́wọ́. Kò gbójú sókè. Ó ní kí n bá òun fẹ́ iná, kí n sì ṣọ́ra kí omi ojú mi má kán sí i. "Rísí, ẹkún kì í mú ẹja gbẹ."

Bó ṣe rí nìyẹn. Kì í ṣe pé kò láàánú o. Bí ara mi bá gbóná, kò ní sùn. Ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ kì í la ẹnu sọ̀rọ̀, ó kàn máa ń ṣiṣẹ́ ni. Bàbá, ọkọ rẹ̀, ni tirẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀. Àgbẹ̀ ni Bàbá, ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn ní Agbówà, ìparí ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bí ewúrẹ́ bá wọ inú ẹ̀gẹ́ rẹ̀, á kọ́kọ́ bá ewúrẹ́ jíròrò kó tó lé e. Àwọn méjèèjì kì í fẹnu kò lórí ohunkóhun, láti orí iyọ̀ inú ọbẹ̀ títí dé ohùn rédíò. Màmá máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀, lójú Bàbá náà ni o, pé bí olè bá wọlé àwọn, Bàbá Táwà á gbé àga fún un. Táwà ni ìyá mi, àkọ́bí wọn. Bàbá á rẹ́rìn-ín, á ní olè náà ọmọ ẹnìkan ni.

Àbíkẹ́yìn wọn ni Bọ̀ọ̀dá Mùídì. Ìgbà tí Màmá ti rò pé ọmọ bíbí ti parí ló dé, nítorí náà Màmá kẹ́ ẹ bàjẹ́ díẹ̀, ó pọ̀n ọ́n dìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀. Nínú ilé tí ẹja ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló ní orí òbòkún. Tiẹ̀ ni. Bí àlejò ọba tilẹ̀ wá, Màmá á bu ìrù fún un. Bọ̀ọ̀dá Mùídì á mu orí ẹja náà dé eegun, á wá fi eegun ṣe eyín, á sì máa fi dẹ́rù bà mí.

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ máa ń rìn, òun àti ọmọkùnrin méjì kan ládùúgbò wa. Ìgbà yẹn ni àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn bẹ̀rẹ̀ sí í fi àdá wá ara wọn kiri ìgboro. Mi ò mọ̀ bóyá Bọ̀ọ̀dá Mùídì wà nínú wọn, Màmá náà ò mọ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n rí òkú ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn nínú gọ́tà. Màmá lọ wò ó. Mi ò mọ ohun tó lọ ń wò, ìyá ọmọ náà gan-an ò lè wò ó. Nígbà tó dé, kò jẹun, kò sì ta ẹja. Ó wọ aṣọ tó fi ń lọ Jímọ̀, ó lọ sí Làsúnwọ̀n lọ bá sójà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n tún ń gba àwọn ọmọ sí iṣẹ́ sójà, orúkọ Bọ̀ọ̀dá Mùídì wà níbẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Mùídì ò fẹ́. Fóònù ló fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún ṣe. Fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ti gbogbo ayé nígbà náà. Bàbá náà ò fẹ́. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó wá bá òun ní Agbówà, òun á fún un nílẹ̀. Màmá ń ká ẹja àrọ̀ lọ́wọ́, ó ń fi ìrù bọ̀ ọ́ lẹ́nu kó tó gbé e síná, bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó jẹ́ kí wọ́n sọ tẹnu wọn tán. Ó wá gbé ọ̀kan sókè fún wọn. "Tútù là ń ká ẹja. Bó bá gbẹ tán, ṣe ló ń kán."

Ó kán náà ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n máa lọ díẹ̀díẹ̀.

Òkè Ọya ni ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ wọn. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo wọn, oṣù mẹ́fà ni a ò sì ní gbọ́ ohùn rẹ̀. Bàbá mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó lọ ra fóònù. Ó fi okùn gbé e kọ́rùn lọ sóko, ó ń gbé e kọ́rùn lọ sí mọ́ṣáláṣí. Bí rédíò bá ti sọ "sójà" báyìí, á ní kí gbogbo wa dákẹ́, á yí ohùn rẹ̀ sókè, ì báà jẹ́ sójà ìlú òyìnbó ni wọ́n ń sọ. Ó ń sunkún níṣojú wa, kò tijú. Ó ní ilé ti tóbi jù.

Màmá ní tirẹ̀ ò dárúkọ ọmọ náà mọ́. Bí Bàbá bá dárúkọ rẹ̀, á bèèrè iye tí wọ́n ń ta ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n sójà Làsúnwọ̀n ti sọ fún un pé kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń lé àwọn ọmọ náà sáré níbẹ̀, láti ìgbà náà ni kò ti lè sùn dé àfẹ̀mọ́jú. Mo máa ń jí bá a lórí àpótí nídìí ààrò, kò fọwọ́ kan nǹkan kan, ó kàn jókòó. Ní ọ̀sẹ̀ tí Bọ̀ọ̀dá lọ gan-an, ó ṣa òbòkún ńlá kan nínú ẹja ọjọ́ náà, ó yan án, ó gbé e sórí pẹpẹ lókè ààrò. Ní gbogbo ọjọ́bọ̀ á tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á yan án lẹ́ẹ̀kan sí i kó má baà bu, á yí i síhìn-ín, á yí i sọ́hùn-ún. Mo bi í léèrè ta ló ni ín. Ó ní ẹni tó ni ín ló ni ín.

Mo rò pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ Màmá wà. Ó lè yan ẹja de ọmọ fún oṣù mẹ́fà. Kò lè sọ pé àárò ọmọ ń sọ òun.

Kò pé oṣù mẹ́ta tí Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ẹja lọ sóko. Ọkùnrin tó jẹ́ pé ẹ̀fọ́ ló ń jẹ ní Agbówà. Màmá dì í fún un. Ní ọ̀sẹ̀ kejì Bàbá ní, bí ẹni tí kò ní nǹkan lọ́kàn, pé bí orí òbòkún bá wà, kí Màmá bá òun fi kún un. Ọwọ́ Màmá dúró lórí ẹja. Ogójì ọdún tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, Bàbá ò jẹ orí ẹja rí, ó ní ojú rẹ̀ ń wo òun. Màmá dì í fún un. Nígbà tí Bàbá lọ tán, ó we gèlè, ó ní kí n wọ bàtà.

Inú ahéré Bàbá ní Agbówà la ti bá Bọ̀ọ̀dá Mùídì. Orí ẹní ló wà. Ó ti gbẹ, wọ́n ti fá orí rẹ̀, etí òsì rẹ̀ ń ṣọyún. Ó ní ìgbátí ni, ọ̀gá kan níbẹ̀ ló gbá òun nítorí pé òun ò tètè tò sórí ìlà, láti ọjọ́ náà òun ò sì fi etí yẹn gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó ní òun àti ọmọ kan tí àwọn jọ ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ni àwọn jọ fo ògiri lálẹ́, òun ò mọ ibi tí ọmọ náà wà. Ó ń sọ ọ́, ó ń wo ojú ìyá rẹ̀ bí ọmọdé tó fọ́ àwo.

Màmá ò bá a wí. Ó ní kí n gbé omi kaná. Ó fi aṣọ funfun nu etí náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí ó fi mọ́, ó fi òwú dí i, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un lóúnjẹ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Inú mi ń dùn. Bàbá gan-an ti ń sọ pé kí wọ́n fi òun àti ọmọ náà sílẹ̀ ní Agbówà, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Màmá fọ ọwọ́ rẹ̀.

"Mùídì, gbé bàtà rẹ wọ̀. A ń lọ."

Bàbá dọ̀bálẹ̀. Mo fi ojú mi rí i. Bàbá mi àgbà, tí àwọn ọkùnrin Agbówà ń dọ̀bálẹ̀ fún, da àyà délẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ nínú erùpẹ̀. Ó ní, "Sìdí, ọmọ ni o. Kì í ṣe ẹja."

Màmá ò sún. Ó ní, "Ẹ dìde, Bàbá Táwà, ẹ má dójú tì mí. Ọjà tí mo bá ti tà, n kì í gbà á padà."

Ó di ọrùn ọwọ́ ọmọ náà mú. Bọ̀ọ̀dá Mùídì lágbára ju Màmá lọ, èèyàn tó fo ògiri sójà lè já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ obìnrin àgbàlagbà kan. Kò já ara rẹ̀ gbà. Ìyẹn ló ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ó tẹ̀lé e bíi pé ilé ìwé ni wọ́n ń mú un lọ. Màmá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a lọ, òun nìkan ló wọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ títí dé òkè Ọya, èdè ibẹ̀ ò sì yé e. Ohun kan ṣoṣo tó sọ fún wa nígbà tó dé ni pé sójà tó wà lẹ́nu géètì kí òun pé, "Mama, you try." Ó ní kí n bu omi fún òun.

Wọ́n fi ìyà jẹ ọmọ náà, wọ́n sì ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. Bàbá ò wá sílé mọ́. Agbówà ló kù sí. Màmá ń fi ẹja ránṣẹ́ sí i, Bàbá ń dá a padà bí wọ́n ṣe dì í. Òun nìkan ni mo mọ̀ láyé tó dá ẹja padà fún Màmá tí Màmá sì gbà á. Àwọn ará àdúgbò gbọ́, wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ pé abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were. Ó ń gbọ́ wọn. Ó ń ta ẹja rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kọ́ṣẹ́ tán, wọ́n pe àwọn òbí síbi ayẹyẹ. Èmi àti Màmá la lọ. Ó sọ òbòkún náà kalẹ̀, ó yan án, ó fi bébà dì í, ó sì gbé e lé itan láti Ìkòròdú títí dé ibẹ̀. Àwọn ìyá mìíràn ń sáré lọ dì mọ́ ọmọ wọn nígbà tí ìwọ́de parí. Bọ̀ọ̀dá Mùídì rìn wá bá wa, ó ti fẹ̀ láyà, aṣọ náà bá a mu. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde. Bí Màmá ti ń sọ̀rọ̀ ni ó ń yí etí ọ̀tún sí i.

Màmá ní ó ti kọ́ṣẹ́ tán, kó máa bọ̀ nílé. Ó na ẹja náà sí i.

Bọ̀ọ̀dá Mùídì ò gbà á. Ohùn rẹ̀ ò le rárá. Ó ní, "Màámi, ẹ ti tà mí. Ẹ kì í gba ọjà padà."

Màmá fa ọwọ́ padà. Ó tún bébà náà dì, nítorí pé ìdí rẹ̀ ti ń tú. Láti ibẹ̀ dé ilé, kò jẹ, kò mu. Bí a ti wọlé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi lọ dá iná, tó fi gbé òbòkún náà sí i.

Bọ̀ọ̀dá ò wálé fún ọdún púpọ̀. Ó ń fi owó ránṣẹ́ sí Bàbá, ó ń pe ìyá mi lórí fóònù. Ọdún kan, inú bí mi gidi, mo sì bi Màmá léèrè lójúkojú bóyá ó ti rí èrè ohun tó ṣe. Mo rò pé á gbá mi létí. Ó ń rẹrù ẹja, ó gbé e kalẹ̀. Ó ní kí n ka àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ máa ń rìn. Mo ka Bọ̀ọ̀dá Mùídì, mo sì dúró níbẹ̀, nítorí pé wọ́n ti pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ kejì náà ní ọdún tó ṣáájú, nítòsí ilé bàbá rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ tó wà láàyè tí kò fẹ́ rí mi, ó sàn fún mi ju èyí tí mo ń lọ wo sàréè rẹ̀."

Mo bá a gbé ẹrù ẹja náà padà sórí. Ṣé ó jàre? Ó jàre. Mo tún ń bínú sí i náà. Ó lè jẹ́ kí etí ọmọ náà san ná. Ó lè fi í pamọ́ sí Agbówà. Ó lè bá a sunkún lẹ́ẹ̀kan péré kí wọ́n tó wọkọ̀. Ohun tó sọ fún un lọ́jọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ tó ń sọ fún àwọn tó ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo ìfẹ́ tó ní sí i wà lórí pẹpẹ níbi tí ọmọ náà kò ti lè rí i.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló dá Màmá dùbúlẹ̀. Ẹnu rẹ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹsẹ̀ kan kú. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó ń na ọwọ́ sí ìdí ààrò, a ò mọ ohun tó ń fẹ́. Bàbá wálé láti Agbówà, ó ti di arúgbó pátápátá. Ó wo ibi tí ọwọ́ náà ń nà sí. Ó lọ dá iná, ó sọ òbòkún náà kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Èéfín ń gbá a lójú, ó ń wúkọ́, kò mọ̀ ọ́n ṣe. Màmá ń wò ó láti orí ẹní. Títí Màmá fi kú ni Bàbá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́bọ̀. Mi ò gbọ́ kí àwọn méjèèjì sọ ọ̀rọ̀ Mùídì.

Bọ̀ọ̀dá Mùídì ò bá wa sin ín. Ó ní wọn ò fún òun láyè. Ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ tí a ń ṣe fídáù, ló wọlé, ṣòkòtò àti bùbá ló wọ̀. Àwọn àáfà ti ń lọ. Ó jókòó ti Bàbá, ó fi etí ọ̀tún sí i. Bàbá wá dìde, ó lọ sí ìdí ààrò, ó gbé òbòkún náà wá sínú àwo, ó gbé e sí iwájú rẹ̀. Ó ti dúdú kirikiri, ó ti le bí igi, kò jọ ẹja mọ́, àfi orí rẹ̀ nìkan.

Bàbá ní, "Tìẹ ni. Láti ọ̀sẹ̀ tí o lọ ló ti ń yan án dè ọ́."

Bọ̀ọ̀dá Mùídì ti rí i rí, nínú bébà. Kò mọ̀ pé òun náà ni. Ó fọwọ́ kan orí ẹja náà. Ó gbé e, ó rí i bó ṣe fúyẹ́ tó, ó gbé e padà sínú àwo. Mo ń dúró kó bú sẹ́kún, kí gbogbo wa lè bá a sun ún. Kò sunkún. Ọwọ́ Màmá ló tọ́ ọ.

"Bàámi, mi ò lè jẹ ẹ́. Bí mo bá jẹ ẹ́, á jẹ́ pé ó ti parí. Kò tíì parí nínú mi."

Ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ó ní òun fẹ́ débi tí òun ń lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó fi ọwọ́ pa mí lórí bó ṣe ń ṣe nígbà tí mo kéré, ó sì lọ.

Bàbá na àwo náà sí mi. Ó ní, "Rísí, gbé e padà síná."

Mo ní, "Bàbá, ṣebí ẹ gbọ́, ó ní òun ò jẹ."

"Ó ní òun ò lè jẹ ẹ́. Kò ní òun ò fẹ́ ẹ."

Láti ọjọ́ tí Màmá ti kú, ẹnikẹ́ni ò tíì dá iná ní ààrò náà. Mo kó eérú kúrò, mo wá igi, mo jókòó sórí àpótí rẹ̀. Mo bínú sí Màmá títí igi fi mú iná. Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ kan gbóná, mo yí ẹja náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kó má baà jó.